Bàbà Kì Í Ṣe Bàbá

Atíkórí,
Ìjẹ̀bú-Igbó.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo kí ọ kú ilé tuntun, mo sì kí ọ kú ìbínú àtijọ́. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le kò ní lágbára láti di ẹnu mọ́ ìyá rẹ̀ láti ìgbà tó ti kó lọ sí Àgọ́-Ìwòyè títí di òní. O ń ṣe bí ẹni pé òkè òkun lo wà, bẹ́ẹ̀ bí mo bá gbé ẹ̀wà kaná ní Atíkórí, màá dé ọ̀dọ̀ rẹ kó tó jinná. Bàbá rẹ kí ọ. Ẹ̀yìn mi gan-an ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń yọjú ka ohun tí mò ń kọ, wọ́n sì ti ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi sí i. Màá fi sí i.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o má baà sọ pé mo dá sí ohun tí mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Yunifásítì gbà ọ́ láti máa kọ́ àwọn ọmọ nípa òkúta. A dúpẹ́. Ìwọ àti Báyọ̀ ọmọ Òde-Omi fẹ́ di tọkọtaya. A tún dúpẹ́. Bàbá Báyọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Òde-Omi, fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí ìyàwó ọmọ wọn ń ṣe kí wọ́n tó wá kí wa nílé. Ìbéèrè rere ni. Báyọ̀ ní kí ìwọ fúnra rẹ dá wọn lóhùn. Ìwọ, ọmọ tíṣà Yorùbá, ọmọ ẹni tó fi pàṣán kọ́ ìdajì Ìjẹ̀bú-Igbó ní àmì ohùn, o mú fóònù, o sì kọ ọ́ láìfi àmì kan ṣoṣo sórí rẹ̀, báyìí:

Ise mi ni ki n maa ye baba ati imi ojo wo labe ero. Mo n reti yin ni Satide.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ ni bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná, àti imí-ọjọ́, ìyẹ̀fun tí àwọn ìyá wa máa ń pò mọ́ àdí láti fi pa kúrúnà lára ọmọ. Àwọn méjèèjì ló para pọ̀ di òkúta rẹ yẹn, èyí tí o ń fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò. Ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá Òde-Omi kà ni pé iṣẹ́ rẹ ni kí o máa yẹ Bàbá wò, àti imí ọjọ́ náà, lábẹ́ ẹ̀rọ, o sì ń retí wọn ní Sátidé.

Ta la fẹ́ bá wí? Ọsibítù ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n lọ yẹ inú wọn wò ni. Wọ́n rò pé Báyọ̀ ti sọ fún ọ. Wọ́n ní irú ìyàwó wo lèyí, tí kò tíì wọlé tó ti ń tọ́jú àwọn!

Bí Sátidé ṣe pé, Bàbá Òde-Omi tẹ̀lé Báyọ̀ wọlé wa nínú agbádá funfun, wọ́n gbé agolo kan dání tí wọ́n fi áńkáṣíìfù mímọ́ wé. Wọ́n nà án sí bàbá rẹ, wọ́n ní, "Ẹ bá wa gbà á. Ohun tí ìyàwó wa béèrè ni." Bàbá rẹ mọ̀ pé ará etí omi kì í wá lọ́wọ́ òfo, edé ni wọ́n rò pé ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n gbàdúrà lé e lórí. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ: "Olúwa yóò máa fi kún un." Ni wọ́n bá pè mí, "Ìyá Mọ́rẹ́, gba edé yìí, fi sínú ìkọ́kọrẹ́ yẹn kó tó jinná."

Mo ti ń tú áńkáṣíìfù náà nígbà tí Bàbá Òde-Omi fò dìde. "Ẹ̀yin àna mi, edé kẹ̀? Ẹ má ṣí i nítòsí oúnjẹ o! Ti ọjọ́ náà ni. Ti òwúrọ̀ yìí ni mo mú wá, kì í ṣe tàná, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́."

Bàbá rẹ wo ọwọ́ ara wọn. Báyọ̀ gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ìwọ lo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ pè ní ti ọjọ́ náà?" Bàbá yọ fóònù, wọ́n kà á jáde ketekete, bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ. Kì í sì í ṣe ẹ̀rín kékeré, Mọ́rẹ́nikẹ́. O rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n mo ti sá wọ kíṣìnì, mo ti fi ìborùn dí ẹnu. Ìyàtọ̀ àgbà sí ọmọ nìyẹn: àgbà náà ń rẹ́rìn-ín, ibi tí yóò ti rín in ló mọ̀.

Bàbá gba agolo wọn padà lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un wé dáadáa, wọ́n ní àwọn gbàgbé nǹkan sínú mọ́tò. Wọn kò wọlé mọ́. Bàbá rẹ nìkan ló jẹ ìkọ́kọrẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ ọwọ́ títí ọṣẹ fi tán nínú ilé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dé rèé. Bàbá Òde-Omi ní kí ẹ ṣe ìgbéyàwó yín láìsí àwọn, nítorí àwọn ò lè wo ojú àna mọ́, ìyàwó tó mọ̀wé sì ti fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Báyọ̀ ní òun ò ní ṣe ìgbéyàwó tí bàbá òun kò bá ní jókòó níbẹ̀. Ìwọ ní ojú ń tì ọ́, o ò ní tẹ Òde-Omi láéláé, bó bá bàjẹ́ kó bàjẹ́. Ẹ̀yin mẹ́ta, kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ ẹnì kan, ẹ sì ti fẹ́ fi agolo kan tú ilé tí ẹ kò tíì kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ nínú lẹ́tà yìí kò ju ọ̀kan lọ: kí o lọ sí Òde-Omi, kí o sì mú òkúta náà dání. Àwọn ìmọ̀ràn tó kù, ọ̀nà tí màá gbà rọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀ ni.

Àwọn òbí mìíràn a máa fi àṣìṣe ara wọn kọ́ ọmọ. Mo wá tèmi títí, mi ò rí èyí tó níláárí. Ti bàbá rẹ ni màá fi kọ́ ọ. Ìyẹn pọ̀ nílẹ̀.

Èkínní. Mọ ibi tí o dúró sí kí o tó ṣe ohun rere. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bàbá rẹ síṣẹ́ tíṣà, Makun-Omi ni wọ́n gbé wọn lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí kò rí omi rí àfi nínú ìkòkò. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n wọ ṣòkòtò gígùn tuntun, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ dé àárín omi kí wọ́n tó mọ̀ pé bàbá tó ń wa ọkọ̀ lẹ́yìn ni bàbá ìjọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ni ilé ìwé tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n tún ṣòkòtò ṣe, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọkọ̀.

Gbogbo wọn ló bọ́ sómi. Ọlọ́run yọ wọ́n, ibẹ̀ kò jìn. Bàbá ìjọ yọrí jáde, àjẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, fìlà wọn ti ń lọ lójú omi. Wọ́n wo bàbá rẹ nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní, "Tíṣà, a ti rí ìkíni yín. Ẹ dìde." Tíṣà Dọ̀bálẹ̀ ni gbogbo Makun-Omi ń pè wọ́n títí wọ́n fi kúrò níbẹ̀.

Bàbá rẹ ní mo ti bu iyọ̀ sí i. Iyọ̀ wo? Ìwà ọmọlúàbí ni ìdọ̀bálẹ̀. Inú ọkọ̀ ni kò gbà á. Ìmọ̀ rẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn tí ẹ jọ kàwé, bàbà àti imí-ọjọ́ yé gbogbo yín, ẹ ò tiẹ̀ nílò àmì. O wá dìde dúró nínú ọkọ̀ bàbá àgbàlagbà kan, o dọ̀bálẹ̀ gbalaja, o sì ń bínú pé omi wọ ọ́ láṣọ. Bí o bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àgọ́-Ìwòyè, kọ́kọ́ wo ibi tí oníkálukú jókòó sí. Fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ọ̀rọ̀ tó yé ọ tí kò yé ẹni tí o ń sọ ọ́ fún, o kò tíì sọ ọ́.

Èkejì, tó wá láti ara òkúta rẹ gan-an. O rò pé mi kì í gbọ́ bí o bá ń ṣàlàyé nídìí tábìlì oúnjẹ. Mò ń gbọ́. Orúkọ rẹ̀ ni kọfẹláìtì; bàbá rẹ ń pè é ní kọfí-láìtì, wọ́n sì ti béèrè rí bóyá ó ń gba ṣúgà. Èyí tí olùkọ́ rẹ fún ọ kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. O ní bàbà ẹyọ kan, imí-ọjọ́ ẹyọ kan ni, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, bàbà wúwo tó ìlọ́po méjì imí-ọjọ́. O ní ìpele-ìpele ló jókòó léra wọn bí ewé ìwé, ó rọ̀ débi pé èékánná lásán lè ha á, bí a bá sì bọ́ ìpele kan lára rẹ̀, ó ṣeé tẹ̀. Mo wá bi ọ́ léèrè ohun tó so ìpele kan mọ́ èkejì tí gbogbo rẹ̀ kò fi tú dànù. Ṣé o rántí ohun tí o sọ? O ní imí-ọjọ́ ni. O ní méjì-méjì ni wọ́n máa ń di ara wọn mú láàárín ìpele.

Ìwọ àti Báyọ̀ nìyẹn. Ilé Atíkórí nìpele kan, ilé Òde-Omi nìpele kejì. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ju ara yín sílẹ̀, kò sí ohun tó so àwa àgbà pọ̀. Má sì bínú pé imí-ọjọ́ ni mo fi ọ́ wé. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Má sì fi agbára ṣe ohun tó rọ̀. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun a fagbára mú ní í le koko. Ẹnu rẹ sì le ju èékánná lọ, ọmọ mi, o mọ̀ pé mi ò parọ́ mọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta. Máa yí ènìyàn wò kí o tó dá a lẹ́jọ́. O ní iná kì í gba inú òkúta náà kọjá, bó ti wù kí o bẹ́ ẹ tín-ínrín tó lórí àwo. Ìmọ́lẹ̀ tó bá tara rẹ̀ padà wá nìkan ni ẹ fi ń mọ̀ ọ́n. O ní bí o bá gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, ó lè dúdú bí aró, ṣùgbọ́n bí o bá rọra yí pẹpẹ ẹ̀rọ náà díẹ̀, òkúta kan náà, ojú kan náà, yóò máa funfun bọ̀ títí yóò fi fẹ́ẹ̀ dà bí ẹfun. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Nígbà tí bàbá rẹ ń fẹ́ mi sọ́nà, wọ́n máa ń wá kí bàbá mi. Wọ́n á kí, bàbá mi kò ní dáhùn. Wọ́n á tún un kí, bàbá mi á máa wo ìta. Wọ́n wá pinnu pé bàbá mi kórìíra wọn. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo tẹ̀lé wọn wọ pálọ̀ tí mo rí i pé etí òsì bàbá mi, èyí tó di, ni wọ́n máa ń jókòó sí lójoojúmọ́. Mo ní, "Ẹ bọ́ sí apá kejì." Wọ́n bọ́ sí i, wọ́n kí i, bàbá mi bú sẹ́rìn-ín: "Ìgbà wo lo dé? Mo ti ń rò pé ọmọ yìí kì í kí ènìyàn." Àga kan ni wọ́n yí, Mọ́rẹ́. Àga kan ló bí ọ.

Nítorí náà, yí Bàbá Òde-Omi wò. Ní apá kan, bàbá àgbàlagbà tó ṣi ọ̀rọ̀ kà ni wọ́n. Yí i díẹ̀. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó dá ọmọ kan tọ́ dàgbà létí omi. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì sùn nílé wọn rí béèrè ohun tí ènìyàn fi ń pamọ́ fún gbogbo ayé. Wọn kò bi í pé kí ló dé. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n fi áńkáṣíìfù tó mọ́ jù wé e, wọ́n gbé e sọdá ọ̀sà, nítorí pé ìwọ ló béèrè. Nígbà tí mo rò ó débẹ̀, mo gbé bírò sílẹ̀, mo sunkún. Bàbá rẹ rò pé lẹ́tà ti parí.

Ẹ̀kẹrin, tàbí ẹ̀karùn-ún, mi ò mọ èyí tí mo kà dé mọ́. Kó má baà yà ọ́ lẹ́nu bí òkúta rẹ bá ń rùn bí ọbẹ̀, jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ. O fi ìbínú kó ẹrù, o gbàgbé òkúta náà sínú páálí ìṣáná lórí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá rẹ rántí pé o ní bí ẹ bá kán epo sí i lábẹ́ ẹ̀rọ, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. O sọ pé epo, o ò sọ irú èyí. Wọ́n lọ sí kíṣìnì mi, wọ́n ri òkúta ìyebíye sínú epo pupa. Wọ́n wá ń pariwo pé, "Ó ti yí! Ó ti pọ́n!" Nínú epo pupa, kí ni kò ní pọ́n?

Mo fi ọṣẹ àti òwú nù ún. Lẹ́yìn náà èmi náà fẹ́ mọ̀. Mo gbé e sórí àwo pẹlẹbẹ lẹ́bàá fèrèsé, mo kán omi lé e. Ọmọ mi, mo rí i. Aró tó wà lára rẹ̀ ṣí kúrò lójú mi, ó di elésè àlùkò. Mo pe bàbá rẹ, àwa méjèèjì dúró tì í, à ń wò ó. O ti ń sọ fún wa tipẹ́ pé ohun tí o yàn láàyò nìyí, èmi sì máa ń sọ nínú ọkàn mi pé ẹni tó lè di dókítà, kí ló ń wá nínú òkúta. Mo ti dáwọ́ ìyẹn dúró.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn. Omi náà gbẹ. Bó ṣe ń gbẹ, aró padà sára òkúta díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Omi yí i padà, omi kò bà á jẹ́. Ìtìjú ló rin ìwọ àti Bàbá Òde-Omi. Yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n aṣọ tútù tí a ká sínú báfù kì í gbẹ. Ẹ ní láti jáde sí oòrùn. Bàbá ìjọ tí bàbá rẹ dà sómi ní Makun-Omi, ṣé o mọ̀ pé òun ló bá wọn wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi? Ó dé tán, ó kọ̀ láti jókòó tí bàbá rẹ kò bá ṣèlérí pé àwọn ò ní dọ̀bálẹ̀.

Bàbá rẹ ni yóò gbé lẹ́tà yìí àti páálí ìṣáná náà wá fún ọ. Bí ẹ bá ń lọ sí Òde-Omi, ìwọ àti Báyọ̀, ẹ jókòó nínú ọkọ̀. Má kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lórí omi, o ti mọ ìran tí o ti wá. Tí o bá ti tẹ ilẹ̀, kúnlẹ̀, tọrọ àforíjì fún ẹ̀rín yẹn, má ṣàlàyé nǹkan kan kí wọ́n tó ní kí o dìde. Lẹ́yìn náà, béèrè èsì àyẹ̀wò inú wọn ní ọsibítù. Ìyẹn ló yẹ kí ẹnì kan ti béèrè láti ọjọ́ yìí, kò sì sí ẹnì kan nínú gbogbo wa tó rántí.

Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Lánàá ni èmi fúnra mi pe Bàbá Òde-Omi. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òkúta ni ọmọ yẹn ń yẹ̀ wò o, kì í ṣe ẹ̀yin."

Wọ́n ní, "Ṣé òkúta náà tiẹ̀ lẹ́wà?"

Mo ní ó dà bí aró, bí omi bá sì kàn án, á di elésè àlùkò.

"Omi wo lẹ fi dán an wò?"

Mo ní omi ẹ̀rọ ni.

"Omi ẹ̀rọ!" Ohùn wọn ti yàtọ̀. "Ẹ ní kó mú un wá ká fi omi gidi dán an wò. Ìyá Mọ́rẹ́, ṣé bírò wà lọ́wọ́ yín? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sí i dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ kọ ọ́ pé: Bàbá ń retí bàbà." Wọ́n wá fi kún un pé, "Ní ti imí-ọjọ́, kó mú tirẹ̀ wá. Tiwa ti tán."

Èmi ni ìyá rẹ, tó fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú lẹ́tà yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà tún gbé agolo wá.